Àtíbàbà Ọjà tí Yóò Pẹ́, tí Yóò sì Bá Ìlú Mu

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa, níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kíkọ́ àtíbàbà, mo mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, “Kí ni alùfáà tí í ṣe olùkọ́ ní í ṣe pẹ̀lú òpó àti pákó? Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, tàbí lórí èdè wa?” Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ pé a fẹ́ràn àṣà wa, tí àwọn ìyá wa sì jókòó sábẹ́ òrùlé tí ń jò ní ẹnu ọjà ọba, ìfẹ́ wa kò tí ì kọjá ẹnu. Ìgbìmọ̀ ọjà ọdún yóò yan irú àtíbàbà tí a ó kọ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé. Ohun tí a bá yàn ni àwọn ìyá ọlọ́jà yóò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìlú kan ní agbègbè yìí bẹ̀ mí pé kí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ bá wọn kọ́ àtíbàbà méjìlá. Inú mi dùn. Mo ra arère, nítorí pé ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. A gbẹ́ ihò, a ri òpó mọ́lẹ̀, a da erùpẹ̀ lé e, a fi páànù bò ó, a sì kùn ún ní àwọ̀ búlúù tí ó ń tàn yanran. Gbogbo ènìyàn yìn wá. Wọ́n ya àwòrán wa. Ọdún kejì kò tí ì parí tí ìjì òjò kan jà ní ọ̀sán, tí mẹ́rin nínú àtíbàbà wọ̀nyí sì dojú dé. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹ̀mí kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta gàrí àti ẹ̀wà bàjẹ́ pátápátá sínú omi. Nígbà tí mo lọ kí i, mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, ilé tí a fi itọ́ mọ ni ẹ kọ́ fún wa.” Kò parí òwe náà. Èmi náà mọ̀ pé ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí mo hú ìdí òpó wọ̀nyẹn, mo rí i pé ikán ti jẹ inú wọn tán. Èèpo nìkan ni ó kù, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù tí mo fi kùn ún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti káfíńtà àgbà léèrè. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́. A pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọn máa ṣe Àjọ Àgọ́, kí wọn sì gbé inú àgọ́ tí a fi ẹ̀ka igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje ni, kì í ṣe ọdún méje. Àwọn baba wa náà mọ irú àgọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, a ó ri òpó tútù mọ́lẹ̀, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, a ó jẹ, a ó mu, a ó jó, lẹ́yìn náà a ó tú u palẹ̀, igi rẹ̀ yóò sì di igi ìdáná. Kò sí ẹni tí ó lè dá irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí ó ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Àṣìṣe tiwa ni pé a ń kọ́ àgọ́ ọjọ́ méje, a sì ń retí ọdún méje lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ọjọ́ mélòó ni ohun yìí yóò dúró? Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é, ẹ má sì náwó lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọdún púpọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun méjì ni kí àtíbàbà pẹ́ àti kí ó bá ìlú mu. Wọ́n rò pé agbára ni ti àkọ́kọ́, pé ọ̀ṣọ́ sì ni ti èkejì. Mo sọ fún yín pé ohun kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ òjò ìlú, ilẹ̀ ìlú, igi ìlú àti ìjókòó àwọn ènìyàn ìlú, tí ó sì kọ́lé gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ náà, ilé rẹ̀ yóò pẹ́, yóò sì dà bí ẹni pé láti inú ilẹ̀ náà ni ó ti hù jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ wa. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà ní apá àríwá Òṣogbo, níbi tí igbó ńlá ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Ìkìrun jókòó láàárín òkè. Ìnísà àti Òkukù wà ní ilẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí odò Ọ̀tìn fún ní orúkọ. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Ẹkẹrin, ó sì ń rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá, ìjì líle sì sábà máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé, tí yóò gbẹ igi títí tí yóò fi là. Nítorí náà láàárín ọdún kan ṣoṣo, igi wa ń mu omi yó, ó sì ń gbẹ kanlẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú nǹkan báyìí. Ẹni tí ó bá wo àwòrán àtíbàbà ìlú òkèèrè, tí ó sì kọ́ ọ síbí láìyí i padà, ti gbàgbé ojú ọ̀run tirẹ̀.

Ekínní, igi. Kì í ṣe gbogbo igi ni ó lè dúró lóde. Arère àti àfàrà dára fún inú ilé, ṣùgbọ́n òjò àti kòkòrò kì í pẹ́ ba wọ́n jẹ́. Ìrókò àti apá ni ó ń dúró. Káfíńtà mọ ìrókò nítorí pé nígbà mìíràn ayùn máa ń bá ohun líle bí òkúta pàdé nínú rẹ̀, tí eyín ayùn yóò sì kú. Tíìkì náà, tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí ó sì ti di ará ilé nínú igbó ìjọba wa, lágbára lóde. Fún òpó, ẹ má gbàgbé àgbọn olódu: akọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà le púpọ̀, ikán kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé igi rere pàápàá ní apá tí kò dára. Inú ara funfun tí ó súnmọ́ èèpo ni igi máa ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí, oúnjẹ náà sì ni kòkòrò ń wá kiri. Àárín rẹ̀ tí ó dúdú ni ó lágbára. Bí a bá ta ìrókò fún yín tí ìdajì òpó náà jẹ́ funfun, ìdajì ìrókò ni ẹ rà. Lẹ́yìn náà, kí igi gbẹ. Kí a tò ó lábẹ́ òrùlé, kí a fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà oníṣẹ́ igi máa ń fún ìnṣì kan nínípọn ní nǹkan bí ọdún kan. Igi tútù tí a bá kàn ní ìṣó lónìí yóò sún kì nígbà ọyẹ́, ìṣó yóò sì mì nínú ihò rẹ̀ bí eyín arúgbó.

Èkejì, ẹsẹ̀ òpó. Níbí ni mo ti ṣẹ̀, níbí sì ni mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Igi kì í yára jẹrà ní òkè níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í sì í yára jẹrà ní ìsàlẹ̀ omi níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ibi tí igi àti ilẹ̀ ti pàdé, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ wà, ni ó ti ń jẹrà. Ilẹ̀ náà sì ni ikán ti ń jáde wá. Nítorí náà ohun tí ó dára jù ni pé kí òpó má fọwọ́ kan ilẹ̀ rárá. Kí a mọ ẹsẹ̀ òkúta tàbí ti kọnkéré tí yóò ga tó ìnṣì 9 sórí ilẹ̀, nítorí òjò tí ó bá lu ilẹ̀ máa ń ta ẹrẹ̀ sókè. Kí a ri irin pẹlẹbẹ méjì sínú kọnkéré náà kí ó tó gbẹ, kí òpó wọ àárín wọn, kí a sì fi irin gígùn dè é, kí ìjì má baà gbé e.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣé ikán kò lè gun òkúta ni?” Ó lè gùn ún. Ṣùgbọ́n ikán kì í rìn nínú ìmọ́lẹ̀. Ó ní láti fi amọ̀ kọ́ ojú ọ̀nà bo ara rẹ̀. Bí òpó bá wà nínú ilẹ̀, ojú kò lè rí ọ̀nà yẹn. Bí òpó bá wà lórí òkúta, gbogbo ènìyàn ni yóò rí ìlà amọ̀ náà lára òkúta, ọmọdé sì lè fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò. Bí a bá tún fi páànù kékeré sí àárín òkúta àti òpó, tí etí rẹ̀ yọ síta tí ó sì tẹ̀ wálẹ̀, ó di dandan fún ikán láti yí etí náà ká ní gbangba. A kò pa ikán. A kàn gba òkùnkùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Bí ipò bá sì mú kí a ri òpó mọ́lẹ̀, ẹ lo àgbọn olódu tàbí àárín ìrókò, ẹ fi iná yan ìdí rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe fún igi ọgbà. Ẹ má ṣe fi òróró dúdú tí a tú sílẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kùn ún. Yóò ba aṣọ oníbàárà jẹ́, yóò sì wọ inú ilẹ̀ tí a ń kó ẹ̀fọ́ àti ata lé.

Ẹ̀kẹta, òrùlé. Àwọn baba wa mọ̀ pé òrùlé ni agboorùn ògiri. Ìdí nìyí tí etí òrùlé wọn fi ń wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti tẹríba kí ó tó wọlé. Àtíbàbà tiwa lónìí, etí rẹ̀ kúrú bí apá ẹ̀wù tí a ti dàgbà jù ú lọ. Bí òjò bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, ọjà ni yóò lù. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Yóò bo òpó, yóò bo ọjà, yóò sì fún oníbàárà ní ibi tí yóò dúró sí.

Èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ padà sí koríko. Mo mọ iyì koríko bẹẹrẹ, tí Ọ̀yọ́ tilẹ̀ ní ọdún tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó tutù lábẹ́ rẹ̀, kò sì pariwo nínú òjò. Ṣùgbọ́n ní ọjà tí a ti ń dín àkàrà tí a sì ń sun àgbàdo, koríko ní oṣù ọyẹ́ jẹ́ ewu tí n kò lè fi ọwọ́ sí. Ẹ lo páànù, kí ẹ sì fi ẹní ìko tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè dínkù. Ẹ jẹ́ kí ó dà dáadáa, ó kéré tán kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga sókè ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin, ìsopọ̀ àti ìwọ̀n. Níbi tí òpó àti igi àjà ti pàdé, kí a gbẹ́ ihò sí ọ̀kan, kí a gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, kí a sì fi èèkàn igi líle há a. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a ó yọ èèkàn, a ó pààrọ̀ igi kan ṣoṣo, ilé kò ní wó. Ní ti pẹpẹ ìpàtẹ ọjà, òwe wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Orí àpótí ni àwọn ìyá wa ń jókòó tà, kì í ṣe lórí ìdúró bí ti àwọn aráa Yúróòpù. Pẹpẹ tí a bá gbé ga jù yóò mú kí ìyá máa nàgà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí a tó gé pákó kan, ẹ pe ìyá mẹ́ta láti ọjà, ẹ ní kí wọn jókòó, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbi tí ọwọ́ wọn dé.

Ẹ̀karùn-ún, bí yóò ti bá ìlú mu. Ní ọdún 1924, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàtẹ ọjà ńlá kan ní Wembley, ní ìlú London, níbi tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ti kó ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n mọ odi bí ti àwọn ìlú Hausa yí ibẹ̀ ká. Ní apá ti Nàìjíríà, ilẹ̀kùn kan láti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, wà lára ohun tí a pàtẹ. Ilẹ̀kùn náà wú àwọn òyìnbó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìṣúra British Museum fi gbà á, tí wọ́n sì fi àga ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ará mi. Ohun tí káfíńtà ilé wa ṣe láti bá ààfin ilé wa mu ni aráyé fẹ́ gbà. Bí Ọlọ́wẹ̀ bá ti gbìyànjú láti ṣe ilẹ̀kùn bí ti London, ta ni ìbá tún béèrè rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Mo kò sọ pé kí a gbẹ́ ère sí gbogbo òpó. Iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Ìlá-Ọ̀ràngún kò jìnnà sí wa. Bí òpó méjì ní ẹnu ọ̀nà ọjà bá ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó tó. Ìbámu tí mo ń sọ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òrùlé àtíbàbà má ga ju etí òrùlé àwọn ilé tí ó yí i ká. Kí ó má ṣe bo ẹnu ọ̀nà ààfin. Kí ó tẹ̀lé ìtẹ̀sí ilẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kí a fi ọ̀nà gbòòrò sílẹ̀ fún eégún, fún ìjòyè lórí ẹṣin, àti fún omi pípaná. Kí a má gé igi ọdán tí ó ti ń ṣíji bo ọjà kí a tó bí wa, nítorí kò sí káfíńtà tí ó lè kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ gun òkè Ìkìrun, kí ẹ wo ìlú nísàlẹ̀: pupa ilẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ti páànù àtijọ́, àti ewé tútù. Ẹ kun òrùlé ní àwọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ sì fi ara igi sílẹ̀ kí ó rí bí igi. Búlúù tèmi ìjọ́sí ń tàn láti ibùsọ̀ kan, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kéde ìtìjú mi nígbà tí ó wó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ọ̀wọ́n ni ìrókò. Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àtíbàbà arère gba àpò owó kan, tí ti ìrókò sì gba mẹ́ta. Bí ti arère bá ń fẹ́ títún kọ́ ní ọdún méjì-méjì, láàárín ọdún méjìlá a ó ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà, a ó sì ti san àpò mẹ́fà. Ta sì ni yóò san án? Ìyá tí ń ta ata ni, nínú owó ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kí a kó àpótí irin ńlá tí ọkọ̀ òkun fi ń kó ẹrù wá síbẹ̀. Ó lágbára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kejì, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ lè ta tòmátì níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìrókò tún mú ẹrù kan wá. Igi yìí àti apá ń dínkù nínú igbó wa, nítorí a ń gé e, a kò sì gbìn ín. Bí a bá gé ọ̀kan fún ọjà láìgbin òmíràn, ọjà àwọn ọmọ wa ni a jí lò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ yìí. Ohun àkọ́kọ́, kí a má kọ́ ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a kọ́ mẹ́fà, méjì ní Ìkìrun, méjì ní Ìnísà, méjì ní Òkukù, kí òjò ọdún kan rọ̀ lé wọn lórí, kí àwọn ìyá ọlọ́jà sì jẹ́ onídàájọ́. Ohun kejì, kí a yan ọjọ́ kan lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, tí a ó gbá ọ̀nà ikán kúrò, tí a ó fi ọ̀bẹ gún ìdí òpó wò, tí a ó sì pààrọ̀ èèkàn tí ó bá mì. Kí Ìyálọ́jà ni alága ọjọ́ náà. Ohun kẹta, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbin ìrókò, apá àti tíìkì, kí àwọn ọmọ sì mọ ìdí rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni gbogbo wa fi ń gba ara wa níyànjú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí ó má jẹ́ pé òrùlé tí àwọn àgbà kọ́ ni yóò wọ́ lé ọmọ lórí. Ìyá tí ó ta gàrí yẹn ti lọ sí ibi ìsinmi rẹ̀. Bí mo bá tún pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ lè sọ fún un pé mo gbọ́ apá òwe tí kò parí, pé a sì ti kọ́ òmíràn tí ìrì kò lè wó.

Kí Ọlọ́run bùkún ọjà wa, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ìlú wa múlẹ̀.